Bí a ṣe ń wọ ẹ̀wù ààbò àyà àti ẹ̀yìn lórí ọ̀kadà n'Ìbàdàn

Ẹni tó bá já bọ́ lórí ọ̀kadà n'Ìbàdàn kì í sábà bọ́ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Etí gọ́tà oníkọnkéré wà níbẹ̀. Òkúta tí wọ́n kó dí kòtò títì wà níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀kadà fúnra rẹ̀ tún lè yí padà lójijì, kí orí rẹ̀ sì gún èèyàn níhà tàbí lókè inú. Àkoto kò dé gbogbo ibẹ̀ yẹn. Ohun tó lè dé ibẹ̀ ni ẹ̀wù ààbò: ẹ̀wù aláìlápá tí wọ́n to fóòmù líle tàbí ike sí níwájú àti lẹ́yìn, tí wọ́n sì fi bẹ́líìtì dè mọ́ ara.

Ẹ ó máa rí i lára àwọn dísípáàṣì tó ń gbé ẹrù kiri, àti lára àwọn tó ń gun ọ̀kadà jáde lọ sọ́nà Ọ̀yọ́ tàbí Ifẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá wò ó dáadáa, tẹlòmíì ń fì lára ni, bẹ́líìtì rẹ̀ ò dè. Èyí tó ń fì bẹ́ẹ̀ á ti sún kúrò níbi tó yẹ kó bò kí ara tó kan ilẹ̀. Torí náà, ẹ̀wù olówó gọbọi tí kò jókòó sójú rẹ̀ kò tó ẹ̀wù tó mọ níwọ̀n tó há mọ́ra, tí ẹ sì lè fara dà látàárọ̀ dalẹ́ nínú ooru ìlú yìí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ nìyẹn.

Ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Ó ń tan agbára ìkọlù ká, kó má baà dojú kọ ibi ẹyọ kan ṣoṣo. Fóòmù inú rẹ̀ sì ń rún kí agbára yẹn tó dé ara, ìkọlù náà á wá wọlé díẹ̀díẹ̀ dípò kó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí èyí ti wúlò jù ni egungun ìhà, igbá àyà, ẹ̀dọ̀fóró tó wà lábẹ́ wọn, àti kíndìnrín tó wà lẹ́yìn ní ìsàlẹ̀ ìhà.

Kò lè gba ọrùn là. Kò lè ní kí ọ̀pá ẹ̀yìn má lọ́ bí èèyàn bá ń yí gbirigbiri, bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, lílọ́ àti títẹ̀ ló ń ba ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́, kì í ṣe gbígbá. Kò rọ́pò àkoto, kò sì rọ́pò ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo kókósẹ̀. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ tó wá ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ti sọ èrè rẹ̀ nù.

Kíkà àmì ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Ẹ yí ẹ̀wù náà padà, ẹ wo inú rẹ̀. Àmì CE, ìyẹn àmì ìlànà ààbò ilẹ̀ Yúróòpù, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán kékeré ẹni tó gun alùpùpù, kí nọ́ńbà sì wà nítòsí rẹ̀. EN 1621-2 ni ti ẹ̀yìn. EN 1621-3 ni ti àyà. EN 1621-1 ni ti èjìká, ìgúnpá àti orúnkún, torí náà bí òun nìkan ni ẹ bá rí lára ẹ̀wù tí wọ́n ní ó ń dáàbò bo ẹ̀yìn, kò pé. Bí ó bá sì jẹ́ EN 14021, ẹ̀wù yẹn wà fún òkúta wẹ́wẹ́ tí táyà ẹni iwájú ń ta sẹ́yìn nínú eré ìje orí ilẹ̀ eléruku. Ìṣubú kọ́ ni wọ́n ṣe é fún, bó ti wù kí ike rẹ̀ dán tó.

Ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà ni ìpele máa ń wà, 1 tàbí 2. Bí wọ́n ṣe ń dán ti ẹ̀yìn wò ni pé wọ́n á já irin oníkílò 5 lé e lórí láti òkè tó tó mítà kan, ìyẹn agbára júùlù 50, wọ́n á sì wọn èyí tó là á kọjá sí òdìkejì. Ní ìpele 1, ìpíndọ́gba ohun tó là á kọjá kò gbọdọ̀ ju kílónútìnì 18 lọ (kílónútìnì ni wọ́n fi ń wọn agbára ìkọlù). Ní ìpele 2, kò gbọdọ̀ ju 9 lọ. Ìdajì gééré nìyẹn. Ìpele 2 máa ń nípọn, ó sì ń mú ooru ju ìpele 1 lọ. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ó bọ́ ọ sílẹ̀ nítorí ooru, ìpele 1 tí ẹ ń wọ̀ lójoojúmọ́ ló dáa fún yín.

Lẹ́tà tún wà. FB ń bo gbogbo ẹ̀yìn títí dé eegun èjìká. CB ń bo àárín ẹ̀yìn. LB kò bo ju ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn lọ, bẹ́líìtì ìbàdí ló sábà máa ń jẹ́. Ọlọ́jà lè máa pe gbogbo wọn ní ohun kan náà, ẹ̀yin ni kí ẹ wò ó.

Àmì kan wà tí àwọn tó ń rà kì í bìkítà fún, òun sì ni ó kàn wá jù níbí: T+ àti T−. T+ túmọ̀ sí pé wọ́n dán an wò nínú ooru ìwọ̀n 40 sẹ́ńtígíréèdì, ó ṣì ṣiṣẹ́. T− túmọ̀ sí pé wọ́n dán an wò nínú òtútù ìwọ̀n 10 sísàlẹ̀ òdo. Àwọn tó ń gun ẹ̀rọ orí yìnyín ní Kánádà ni kó máa wá T−, torí fóòmù míì máa ń le gbandi nínú òtútù. Tiwa yàtọ̀. Oríṣi fóòmù tó máa ń rọ̀ bí ẹ bá rọra tẹ̀ ẹ́, tó sì máa ń le bí nǹkan bá gbá a lójijì, máa ń rọ̀ jù bí ooru bá pọ̀. Ní oṣù kejì sí ìkẹta, ìwọ̀n ooru ọ̀sán Ìbàdàn máa ń tó 34 tàbí 35 lábẹ́ ibòji, ti orí títì tí oòrùn ń pa sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí T+, ẹ mú un.

CE tí wọ́n kàn tẹ̀ sára láìsí nọ́ńbà, láìsí ìpele, láìsí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kì í ṣe ẹ̀rí nǹkan kan. Ohun kan wà tí ẹ lè ṣe níwájú ọlọ́jà. Ẹ tẹ́ ẹ̀wù náà sórí tábìlì, ẹ ti àtẹ́lẹwọ́ yín bọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹlòmíì wá fi kókó ìka gbá a láti òkè bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Bí ó bá jẹ́ fóòmù ibùsùn ni wọ́n gé síbẹ̀, ẹ ó mọ gbogbo kókó ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ojúlówó, ẹ ó kàn gbọ́ pé nǹkan tẹ yín lọ́wọ́ lápapọ̀.

Tòkunbọ̀ àti àtọwọ́dá

Láàrin àwọn òkìríkà tó ń wọlé, ẹ lè bá èyí tí wọ́n ṣe fún orí yìnyín pàdé. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nípa aṣọ inú rẹ̀ tó nípọn tó sì rí họ́họ́, tí wọ́n fi ń pa òtútù. Ike ààbò rẹ̀ lè dára, ṣùgbọ́n láàrin Ọjọ́ọ́ sí Challenge ní aago méjì ọ̀sán, ẹ ò ní lè wọ̀ ọ́. Bí ààbò inú rẹ̀ bá ṣeé yọ, tí àmì rẹ̀ sì pé, ẹ lè rà á, kí ẹ wá gbé e fún télọ̀ pé kó rán àpò rẹ̀ sínú ẹ̀wù nẹ́ẹ̀tì tó ń gba atẹ́gùn. Télọ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n kí àpò náà há gádígádí mọ́ ààbò yẹn. Òwú náílọ́ọ̀nù ni kó lò, kó sì rán an lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú tòkunbọ̀, ẹ fi ìka tọ ojú ike rẹ̀ káàkiri kí ẹ fi wá ìlà tó ti sán. Ẹ tẹ fóòmù rẹ̀. Bí ó bá ń rún bíi gúgúrú tàbí tí kò padà sípò, ó ti kú. Bí ìta rẹ̀ bá ti họ lójú kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti ṣubú rí. Ẹ má ra irú rẹ̀, torí fóòmù tó ti gba ìkọlù ńlá lè ti tẹ̀ sínú láìhàn síta. Ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ló ń sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 5.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún alurinmọ́ra pé kó gé páànù sínú jákẹ́ẹ̀tì yín. Páànù á tẹ̀, etí rẹ̀ á sì di ọ̀bẹ. Fóòmù ibùsùn á rún tán lójú kan, agbára náà á wá wọlé pátápátá. Ẹ̀wù tí wọ́n fi ń gba orí omi kò yẹ, ti ọlọ́pàá tó wà fún ìbọn náà kò sì yẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 2009 tí FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò dé àkoto, igbá àti ike ọ̀dà ni àwọn kan dé sórí jáde. FRSC ni wọ́n ń sá fún, wọn ò rántí títì. A ò fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àyà.

Ìwọ̀n

Ìwọ̀n tí ẹ máa ń fún télọ̀ fún bùbá kò tó. Ẹ jókòó sórí ọ̀kadà tí ẹ ń gùn gan-an, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ẹ tẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń tẹ̀. Kí ẹlòmíì fi orí téèpù sí kókó eegun tó yọ síta ní ìsàlẹ̀ ọrùn lẹ́yìn, kó wá fà á wálẹ̀ lórí ẹ̀yìn dé orí eegun ìbàdí, níbi tí bẹ́líìtì ṣòkòtò máa ń wà. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ńtímítà 44, ẹ̀wù tí wọ́n kọ 41 sí 46 sí lára ni tiyín. Ilé iṣẹ́ míì máa ń wọ̀n ọ́n láti ibi tí ọrùn ti pàdé èjìká, torí náà ẹ wo àwòrán tó wà lára páálí kí ẹ tó fi nọ́ńbà yín wé tiwọn.

Ìdí tí a fi ní kí ẹ jókòó ni pé ẹ̀yìn máa ń gùn sí i bí èèyàn bá tẹ̀ síwájú. Èyí tó bá yín mu lórí ìdúró á fi ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn sílẹ̀ ní gbangba lórí ìjókòó, níbi tí kíndìnrín wà gan-an. Èyí tó gùn jù náà kò dáa: ìjókòó ọ̀kadà á máa tì í sókè, orí rẹ̀ á sì máa gbá ìsàlẹ̀ àkoto yín lẹ́yìn, ẹ ò ní lè gbójú sókè wo ọ̀nà.

Ẹ tún wọn àyà yíká lábẹ́ abíyá. Fún obìnrin, èyí tí ààbò àyà rẹ̀ pín sí méjì ló dára jù, torí pátákó ẹyọ kan á máa ga kúrò lára láàrin, á sì máa yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

Wíwọ̀ ọ́

Ẹ kọ́kọ́ wọ aṣọ kan tó fẹ́lẹ́ tó há mọ́ra. Jẹ́sì bọ́ọ̀lù dára ju síńgílẹ́ẹ̀tì òwú lọ, torí òwú á mu òógùn títí á fi tutù rínrin, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó yín lábẹ́ bẹ́líìtì. Ẹ kó gbogbo ohun tó wà lápò àyà jáde. Fóònù, kọ́kọ́rọ́, páálí sìgá, gbogbo wọn. Ohun líle tó bá wà láàrin ẹ̀wù ààbò àti egungun ìhà ni yóò gba gbogbo agbára tí ẹ̀wù náà ti tàn ká, tí yóò sì tún kó o jọ sójú kan. Kọ́kọ́rọ́ ilé lè fọ́ egungun ìhà bẹ́ẹ̀.

Ẹ tú gbogbo bẹ́líìtì sílẹ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ gbé e lé èjìká, kí orí ààbò iwájú wà ní nǹkan bí ìka méjì sísàlẹ̀ kòtò ọ̀fun. Bẹ́líìtì ìbàdí ni ẹ ó kọ́kọ́ dè, torí òun ló ń gbé ìwúwo, òun ló sì ń dá a dúró kó má sún sókè. Lẹ́yìn náà, ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n dọ́gba. Ti èjìká ni ẹ ó dè kẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fa ti èjìká á ti gbé gbogbo ẹ̀wù náà lọ sókè, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn á wá hàn, kò sì ní mọ̀ torí kò lè rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣì í wọ̀ jù lọ nìyí.

Ẹ gun ọ̀kadà láìtan iná sí i. Ẹ mí kanlẹ̀. Bí àyà ò bá lè fẹ̀, ẹ dẹ ti ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kì í ṣe ti ìbàdí. Ẹ gbójú sókè. Ẹ yí ọwọ́ ọ̀kadà lọ sí òpin ọ̀tún àti òsì, kí ìgúnpá má kan etí ike. Kí ẹnìkan wá di èjìká ẹ̀wù náà mú, kó fà á sókè tagbára-tagbára: kò gbọdọ̀ sún ju ìka méjì lọ. Ẹ ki àwọn ìrù bẹ́líìtì tó ṣẹ́kù sábẹ́ ara wọn, kí èrò ẹ̀yìn má rí ohun dì mú, torí bí ó bá fà á, gbogbo ohun tí ẹ ṣe ti bàjẹ́.

Abẹ́ jákẹ́ẹ̀tì tàbí ṣẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀wù yìí ń gbé, kì í ṣe orí kóòtù. Bí ó bá wà lórí aṣọ tó nípọn, aṣọ yẹn á máa yọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìta pátápátá ni ẹ ó wọ ẹ̀wù tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà sí, torí dúdú ni ọ̀pọ̀ ẹ̀wù ààbò, kò sì sẹ́ni tó máa rí dúdú lálẹ́ níbi tí iná òpópónà ò sí. Ìlà fàdákà rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́. Bí erùpẹ̀ pupa bá ti bò ó, kò ní tan nǹkan kan padà. Báàgì ẹ̀yìn náà máa ń bò ó mọ́lẹ̀, torí náà kí àwọn dísípáàṣì rán ìlà yẹn mọ́ ara àpótí wọn.

Ooru

Nígbà tí ọ̀kadà ń lọ, atẹ́gùn ń wọlé, ara ń tutù. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ni wàhálà wà, ní Mọ́kọ́lá tàbí ní Ìwó Road nígbà tí ohunkóhun ò sún. Bí ẹ bá máa dúró pẹ́, ẹ rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ pa ọ̀kadà, ẹ tú ti ẹ̀gbẹ́ nìkan. Ẹ mu omi díẹ̀díẹ̀ lóòrèkóòrè, ẹ má dúró di ìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ yín. Bí orí bá ń fò yín, tí ojú ń ṣú, tí òógùn sì dá lójijì, ẹ bọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, ẹ wá ibòji. Ẹ má gun ọ̀kadà mọ́ títí ara á fi balẹ̀.

Kí ẹ tó tún gbéra, ẹ dè é padà. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń kùnà nìyí: «Mọ́kọ́lá sí Dùgbẹ̀ ṣáá ni, kò jìnnà.» Ọ̀nà kúkúrú ní kòtò àti ọkọ̀ bí ọ̀nà gígùn ti ní.

Bí ìṣubú bá ṣẹlẹ̀

Ẹ má sáré bọ́ ẹ̀wù náà, ẹ má sì sáré ṣí àkoto lórí ẹni tó ṣubú. Bí kò bá lè gbé ẹsẹ̀, tàbí tó ní ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dun òun, ẹ má gbé e jókòó sórí ọ̀kadà míì lọ sílé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ bó ṣe wà, ẹ da àwọn ọkọ̀ yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ pe FRSC lórí 122, tàbí 112. Bí ẹ̀wù náà bá ń há a lémìí, ẹ fi sísọ́ọ̀sì tàbí ọ̀bẹ gé bẹ́líìtì ẹ̀gbẹ́. Ẹ má fà á gba orí rẹ̀.

Ẹni tó dìde tó ní kò sí nǹkan kan náà yẹ ní wíwò. Bí àyà bá ń gún un tó bá mí, tí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n, tí ikùn rẹ̀ bá ń le, tàbí tó ń bì, ó di ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀wù ààbò máa ń jẹ́ kí awọ ara wà láìfarapa nígbà míì, kí ìpalára sì wà nínú.

Ìtọ́jú

Ẹ yọ fóòmù àti ike kúrò kí ẹ tó fọ aṣọ rẹ̀. Omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀, ọwọ́ ni ẹ ó fi fọ̀ ọ́. Jíìkì, pẹtiróòlù àti kẹrosíìnì ń jẹ fóòmù, kódà èyí tí wọ́n fi ń nu gírísì ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn án. Fóòmù fúnra rẹ̀, aṣọ tó tutù ni ẹ ó fi nù ún. Ibòji ni ẹ ó sá a sí, kì í ṣe orí páànù ilé, kì í ṣe orí ìjókòó ọ̀kadà lọ́sàn-án. Kí ẹ máa gbá erùpẹ̀ kúrò lára ibi tí bẹ́líìtì ti ń lẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ehín àtijọ́, torí eruku ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń jẹ́ kó máa tú fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ìṣubú tó le, ẹ pààrọ̀ ààbò inú rẹ̀, bí ìta rẹ̀ bá tilẹ̀ dán bíi tuntun. Èyí tí ẹ bá pa tì, ẹ gé gbogbo bẹ́líìtì rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ la fóòmù rẹ̀ sí méjì kí ẹ tó jù ú sí ààtàn. Bí ó bá wà lódindi, ẹnìkan á ṣà á, á fọ̀ ọ́, á sì gbé e lọ tà fún ẹlòmíì tí kò mọ̀ pé ó ti ṣubú rí.